Àwọn Màlúù Orí Àpáta Lẹ́yìn Apo

Láti Sátidé tí a ti dé láti ibi ilé tí ẹ fẹ́ rà yẹn, mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi díẹ̀, ẹ kàn ń pa á mọ́ra ni. Ẹ gbé mi láti Durumi níbí, a kọjá Apo, a gba ọ̀nà tuntun dídán yẹn, ẹ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi, mo sì kọ̀, n kò sọ̀ kalẹ̀. Dámilọ́lá, o ní, "Màmá, ẹ kàn wọlé, kí ẹ gbàdúrà sí i." Ìwọ Káyọ̀dé tí o fẹ́ fi ọmọ ọmọ mi ṣaya, o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, o ń wo ilẹ̀. Èmi ń wo ọgbà onírin tó wà lẹ́yìn ilé náà, àti omi aláwọ̀ ewé tó dúró sínú kòtò ńlá tí wọ́n fi ọgbà náà yí ká. Ọkùnrin tó ń ta ilé ní omi yẹn ni yóò máa mú atẹ́gùn tútù wá fún yín. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí omi níbẹ̀ rí. Òkè ló wà níbẹ̀.

Ẹ jókòó kí n sọ ọ́. N kò ní kí ẹ má ra ilé. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí mo ní nípa ibẹ̀ ni mo fẹ́ tú lónìí.

Nígbà tí ìjọba gbé bàbá àgbà yín wá síbí láti Ìbàdàn, Àbújá kò tíì jẹ́ ìlú. Erùpẹ̀ pupa ni, àti koríko, àti katakátá tó ń ké láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wá ohun tí àwọn ará ìgbàanì fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé lé, kó yà á sórí ìwé kí katakátá tó dé ibẹ̀. Ilé ìjọba kò tíì tó pín. A gba yàrá ní abúlé àwọn Gbàgyí, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Gwàrí nígbà náà, lábẹ́ àpáta gbọọrọ kan. Fọlá, ìyá Dámilọ́lá, ṣì wà lẹ́yìn mi, mo ń pọ̀n ọ́n.

Ohun tó jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní kì í ṣe àkùkọ. Ohùn òkúta lórí òkúta ni, fùrù, fùrù, fùrù, bí ẹni pé òkè ń mí. Mo bọ́ síta. Àwọn obìnrin abúlé ti gun àpáta, oníkálukú kúnlẹ̀ síwájú kòtò tirẹ̀, wọ́n ń lọ ọkà bàbà. Inú òkúta gan-an ni àwọn kòtò náà wà, wọ́n gùn bí ọpọ́n, inú wọn sì dán bí inú àwo tánganran. Ẹ ò lè rí ọlọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Mo béèrè ẹni tó gbẹ́ wọn. Obìnrin tí a jọ ń gbé, Lárabà, rẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sí ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí n bi í. Káká ni gbogbo abúlé ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà. Etí Káká ti di pátápátá. Ọwọ́ ni Lárabà fi bá a sọ ọ́. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Ìyá ìyá mi bá a níbẹ̀. Ìyá ìyá tirẹ̀ náà bá a níbẹ̀."

Opó ni Lárabà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n kò fi ìyá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn méjèèjì, ẹ ó rò pé Káká ló bí i. Hausa tí mo gbọ́ kò tó nǹkan, òun kò gbọ́ Yorùbá rárá, síbẹ̀ a ń gbọ́ ara wa. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀, á ní, "Sànnu, Ìyá Fọlá," n ó sì mọ̀ pé odò yá.

Ọ̀rọ̀ odò yẹn, ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé àwọn Gbàgyí kì í ru ẹrù lórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Wọ́n ní orí ló ni ara, a kì í di ẹrù lé olówó ẹni. Èmi náà ní mo fẹ́ ṣe é. Mo gbé akèrègbè omi lé èjìká, mo rìn díẹ̀, mo gbọ́ gbì, omi wẹ èmi àti Fọlá tó wà lẹ́yìn mi. Ọmọ náà figbe ta. Gbogbo obìnrin ojú odò jókòó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Títí a fi kúrò ní abúlé yẹn, bí mo bá ń kọjá, ẹnìkan á fọwọ́ gbá èjìká rẹ̀ wò mí.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá àgbà yín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Fọlá, wá, kí n fi nǹkan kan hàn ọ́."

Àpáta náà tẹ́ lórí. Bí ẹ bá gùn ún lọ́sàn-án gangan, ẹ ò ní rí ohunkóhun ju òkúta lásán lọ. Ìgbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ á wá fẹ̀gbẹ́ gba ojú òkúta kọjá, òjìji á kún inú àwọn ìlà, gbogbo rẹ̀ á sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ara mi bù máṣọ. Màlúù ni, agbo màlúù, gbogbo wọn kọjú sápá kan. Ìwo wọn gùn, ó tẹ̀ bí apá ẹni tó ń jó. Ẹ̀yìn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí iké níbẹ̀ bíi ti màlúù àwọn Fúlàní tí ẹ ń rí lójú títì. Ẹnìkan lóṣòó sábẹ́ ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ wà níbi ọmú. Ajá wà láàárín wọn. Àwọn ọkùnrin di ọrun mú, wọ́n ń lé ẹran. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí bàbá àgbà yín mú mi lọ lọ́jọ́ yẹn, obìnrin kan ń rìn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù sì wà ní èjìká rẹ̀. Èjìká, kì í ṣe orí.

Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ohùn Lárabà tó ń pe Káká wá jẹun, bí ẹni pé Káká lè gbọ́.

Bàbá àgbà yín máa ń kọ́ mi bí a ti í ka òkúta náà. Ó ní kí n wò ó, irin kò sí lọ́wọ́ wọn. Òkúta líle ni wọ́n fi ń kan òkúta, tó, tó, tó, ojú kan lẹ́yìn ojú kan, títí ìlà fi jáde. "Ẹni tí ebi ń pa kò ráyè èyí," ó ní. "Wọ́n jẹun yó kí wọ́n tó gùn ún." Ọrùn àgùnfọn kan wà níbẹ̀ tó gùn ju ọwọ́ mi lọ. Ó ní, "Ta ló rí àgùnfọn níhìn-ín rí? Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ eléyìí rí i. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò lè gbẹ́ ẹ báyìí bí kò bá rí bó ṣe ń rìn. Á jẹ́ pé ọ̀dàn ni gbogbo ibí nígbà náà." Ká tó rí erin, ó digbó, ká tó rí ẹfọ̀n, ó dọ̀dàn. Wọ́n rí gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.

Ohun kan tó máa ń yà á lẹ́nu ni pé kò sí ọba níbẹ̀. Kò sí ẹni tó tóbi ju ẹnìkejì lọ, kò sí ẹni tó jókòó tí àwọn yòókù dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹni tó ń fún wàrà àti ẹni tó ń ta ọfà, bákan náà ni wọ́n ga. Nǹkan mìíràn sì wà tí kò fẹ́ràn láti máa wò. Ní ìsàlẹ̀ àpáta, ẹnìkan dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ká orúnkún mọ́ àyà, àwọn ènìyàn sì dúró yí i ká, ọwọ́ wọn rọ̀ sílẹ̀. Kò dìgbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín kí ẹ tó mọ̀ pé òkú ni.

Ìbéèrè kan ni kò lè dáhùn. Mo bi í pé, "Níbo ni wọ́n lọ?" Ó ní kò sí ẹni tó mọ̀. Bóyá òjò dá, tí koríko tán, tí wọ́n tẹ̀lé màlúù wọn lọ. Bóyá àrùn ni. Bóyá àwọn kan dé bá wọn.

Nígbà ìkórè, abúlé yẹn a máa dùn. Òkúta kan wà lórí àpáta tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi òkúta lù ú, á dún gbaninini bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ara rẹ̀ ti di kòtò kòtò níbi tí wọ́n ti ń lù ú láti ayébáyé. Bí ọkà tuntun bá wọlé, Káká ló ń kọ́kọ́ lù ú. Kò gbọ́ ọ, àmọ́ á fi ọwọ́ kejì lé ojú òkúta, á di ojú, ẹ ó sì rí i pé ó mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹsẹ̀ wọn ń gbọn erùpẹ̀. Lónìí, ẹ ó gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ilẹ̀ á máa mì, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń jó.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ọkọ̀ funfun, wọ́n gun àpáta, wọ́n lu ihò sára rẹ̀, wọ́n kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lọ. Wọ́n padà wá sọ pé òkúta náà dára. Líle rẹ̀ tó ohun tí wọ́n ń wá fún ọ̀nà àti fún àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní Maitama. Abúlé á kó lọ sí ìlú tuntun tí ìjọba ti kọ́lé sí fún wọn.

Bàbá àgbà yín wọ aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ bá ọ̀gá kan tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó, kò bọ́ bàtà.

Mo ní, "Kí ni wọ́n sọ?"

"Ó ní ṣé orí màlúù òkúta ni ọkọ̀ yóò máa gbà kọjá."

"Ìwọ wá sọ pé kí ni?"

"Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n yà á tán. Ó ní òun ti gbọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Láàárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ìlà ń hàn, nítorí náà òun àti oòrùn ni wọ́n jọ ń sáré. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ó parí. Bó ṣe ń ya ìyẹn náà ni wọ́n ń fi ẹ̀tù fọ́ ìdí àpáta ní apá kejì. Wọ́n á kọ́kọ́ fọn fèrè, á han goooro, àwọn ọmọdé á sáré wọlé, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á gbọ̀n, ìkòkò á ṣubú lórí àgbékọ́. Káká nìkan ni kì í sáré. Láàárín rẹ̀ náà, ó ṣì ń gun òkè lọ lọ ọkà rẹ̀, Lárabà á sì máa sá tẹ̀lé e láti fa ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kó, lọ́rì wá. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń bá Lárabà di ẹrù. Àwọn ọkùnrin ń yọ ilẹ̀kùn ilé wọn dání, nítorí wọn kò gbà pé ilé ọ̀fẹ́ lè ní ilẹ̀kùn. A gbé Káká sínú lọ́rì iwájú, a fi í jókòó sórí àpò ọkà, Lárabà fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwa gun ti ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́. Kò sí ẹni tó kọrin lójú ọ̀nà. Ewúrẹ́ nìkan ló ń ké.

Nígbà tí a dé ìlú tuntun náà, a rí ilé tó tò lọ lọ́gbọọgba, òrùlé páànù, kò sí igi kan ṣoṣo. Wọ́n ti ń já ẹrù lọ́rì iwájú. Lárabà lọ síbẹ̀. Mo rí i tó ń wo inú ọkọ̀, tó ń yí ká, tó ń wo ojú àwọn obìnrin.

"Káká ńkọ́?"

Obìnrin kan ní, "Ṣé kò sí lọ́dọ̀ yín ni? Ó sọ̀ kalẹ̀ kí a tó gbéra. Ó ní òun gbàgbé ọmọ ọlọ òun lórí àpáta. A rò pé ẹ̀yin ni ẹ ó gbé e bọ̀."

Ọmọ ọlọ, òkúta róbótó tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Ìyá tó bí Káká ló fún un.

Ẹnu obìnrin náà kò tíì dé nígbà tí a gbọ́ ìró ẹ̀tù láti òkèèrè, bí àrá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lárabà bọ́ bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà lójú ọ̀nà tí a gbà wá. Awakọ̀ lọ́rì gbé wa tẹ̀lé e, a bá a lọ́nà, a fà á wọkọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó.

Wọ́n ti gbé Káká kúrò lábẹ́ òkè nígbà tí a dé. Òkúta kan ṣoṣo ló bà á, kò ju ìkúùkù lọ, ní ẹ̀bátí. Ara rẹ̀ yòókù pé. Ó ti rí ọmọ ọlọ náà. Ó ti dì í sí ìdí aṣọ, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí iṣẹ́ náà ṣí akoto rẹ̀, ó dúró lórí ìdúró.

"Màmá, a fọn fèrè," ó ní. "A fọn ọ́n dáadáa."

Lárabà kò gbé ojú sókè. Ó ń nu eruku kúrò nínú irun ìyá náà. "Etí rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí ọ," ó ní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin ín sí ẹ̀yìn ilé tó ti ṣófo, tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Bàbá àgbà yín wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn; kò sí ẹni tó mọ èyí tí a ń sunkún sí níbẹ̀, Káká ni àbí abúlé. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a tún gbọ́ fèrè. Nígbà tó yá, wọ́n fọ́ òkè náà dé ẹ̀yìn ilé yẹn, kòtò tí ẹ rí omi nínú rẹ̀ lónìí sì gba ilẹ̀ tí ìyá náà sùn sí. Ìdí rèé tí ẹsẹ̀ mi kò fi gbé mi sọ̀ kalẹ̀ ní Sátidé.

Bàbá àgbà yín ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ó ń wá láàárín àwókù. Ó rí àfọ́kù ìwo kan. Ó rí ẹsẹ̀ ajá. Ó sọ fún mi pé òun rí òkúta tí obìnrin elẹ́rù èjìká wà lára rẹ̀, ó ti là sí méjì, ó sáré pe awakọ̀ típà kí ó dúró, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rò pé alágbe ni, ó juwọ́ sí i, ó lọ. Wọ́n lọ̀ ọ́ di wẹ́wẹ́. Ó wà lábẹ́ ọ̀nà kan nínú ìlú yìí, tàbí lábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé olówó kan ní Maitama. Ẹ̀yin náà lè ti wa ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀.

Ó kó ìwé tó ti yà fún ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ mìíràn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò tún gun àpáta mọ́. Bí ẹnìkan bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á dìde lọ wẹ ọwọ́.

Lẹ́yìn tí bàbá àgbà yín kú, tí a sin ín tán, mo ní kí Fọlá gbé mi lọ sí ìlú tuntun yẹn, kí n sọ fún Lárabà. Ó ti pẹ́ tí a ti rí ara wa. Ìlú náà kì í ṣe tuntun mọ́; ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀, àti ọ̀kadà, àti èdè oríṣiríṣi. A béèrè, béèrè, títí a fi dé ilé kan tí mo rò pé òun ni. Obìnrin ará Bẹ́núè kan ló jáde, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ orúkọ Lárabà fún un. Ó mi orí. Ó pe aládùúgbò rẹ̀, ìyẹn náà mi orí. Wọ́n ní àwọn Gbàgyí tó wà ní òpópónà yẹn ti ta ilé wọn, wọ́n ti lọ.

Mo ní, "Níbo ni wọ́n lọ?"

Obìnrin náà ní kò sí ẹni tó mọ̀. Bóyá oko. Bóyá ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn. Ó rí ojú mi, ó wá ní ẹni tó ṣáájú òun nínú ilé náà fi ìkòkò amọ̀ kan sílẹ̀ lẹ́yìn, bóyá mo fẹ́ wò ó. Ó mú mi lọ síbẹ̀. Ó ti gbin ata sínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹnìkan ti fi ìka fa ìlà yí ikùn rẹ̀ ká nígbà tí amọ̀ náà ṣì rọ̀. Mo fi ìka tèmi sínú ìlà náà, mo tẹ̀ lé e yí ká títí mo fi dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè sọ ọwọ́ ẹni tí í ṣe.